Éríà Tí A Ń Tẹ̀ Bí Ìwé, Tí Ó Sì Ń Yí Ohùn Bí Dùndún

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù Ẹgbẹ́ wa

Nígbà tí Akọ̀wé wa kọ̀wé sí wa pé kí á wá sọ̀rọ̀ lórí éríà tí ń bẹ nínú àwọn ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí a ń gbé kiri, a kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ oyè, ọ̀rọ̀ ìtàn àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni etí ti mọ́ nínú gbọ̀ngàn yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ wáyà. Ṣùgbọ́n bí a ti ń wọlé ní ìrọ̀lẹ́ yìí, fóònù mẹ́ta ni ó dún nínú àpò agbádá kí Alága tó lu agogo, a sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú wa wọlé.

Ìdí mìíràn wà tí a fi gbà láti wá, èyí tí a ó sọ kí á tó jókòó. Ó kan Ẹgbẹ́ wa yìí gan-an, kò sì dùn ún sọ.

Éríà ni ojú ọ̀nà tí ohùn ń gbà jáde nínú ẹ̀rọ, tí ó sì ń gbà wọlé sínú rẹ̀, láìsí okùn kankan láàárín ẹni tí ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí ń gbọ́. Àwọn àgbà inú wa mọ àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì tí a máa ń kàn mọ́ ara ògiri, èyí tí ó kọ́kọ́ wọ Èkó ní 1935. Àpótí náà kò ní éríà. Okùn ni wọ́n fà láti ilé-iṣẹ́ wá sí ilé olúkúlùkù. Ohun tí okùn bá gbé wá ni onílé yóò gbọ́, bí kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó pa á. Ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà, 1959, ni òrùlé wa bẹ̀rẹ̀ sí hu igi irin. Ta ni nínú wa tí kò rántí rẹ̀? Ọmọ kan yóò gun òrùlé, ọmọ kejì yóò dúró ní ojú fèrèsé, baba yóò jókòó nínú ilé níwájú àwòrán tí ń gbọ̀n: “Yí i sí ọ̀tún! Díẹ̀ sí i! Ó tó! O ti bà á jẹ́!” Ọmọ tí ó wà ní òkè kò ní rí nǹkan kan nínú eré náà títí yóò fi tán.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí igi irin yẹn, nítorí pé ìtàn wà nínú rẹ̀. Irin gígùn kan ni, tí a to ọ̀pọ̀ irin kéékèèké dábùú rẹ̀ bí egungun ẹja. Yagi ni àwọn onímọ̀ ń pè é, orúkọ ènìyàn sì ni. Ní Yunifásítì Tohoku, ní ìlú Sendai ní ilẹ̀ Japan, ni Shintaro Uda ti ṣe é pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀ Hidetsugu Yagi. Ní 1926 ni ìròyìn rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní èdè wọn. Ní 1928 ni Yagi kọ nípa rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kà á, wọ́n sì mú un lò. Àwọn ará ilé kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ìtàn tí àwọn onímọ̀ rédíò sì ń sọ ni pé, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Japan gba Singapore lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Èrèlè 1942, wọ́n rí ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan kọ nípa ẹ̀rọ rédà. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé náà tí ó ń jẹ yọ lemọ́lemọ́, tí kò sì yé wọn: “Yagi.” Wọ́n wá ẹni tí ó kọ ìwé náà rí láàárín àwọn ẹlẹ́wọ̀n, wọ́n bi í pé kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ọkùnrin náà wò wọ́n bí ẹni pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì dá wọn lóhùn pé orúkọ ọmọ ilẹ̀ wọn tí ó ṣe éríà náà ni.

Ẹ rí i, ọgbọ́n ti inú ilé jáde, ó dé ọwọ́ ọ̀tá, ó sì di ohun tí onílé ń bi ẹlẹ́wọ̀n léèrè. Ti Uda tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òun ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n títí di òní ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ránti dárúkọ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bínú bí a bá tún padà sí orí ìtàn yìí nígbà tí ó bá yá.

Ní báyìí, kí ni ó mú kí éríà kan gbọ́ ohùn kan dáradára, kí ó sì di etí sí òmíràn? Gígùn rẹ̀ àti bí a ti ṣe gé e ni. Onímọ̀ ará Scotland kan, James Clerk Maxwell, ni ó fi ìṣirò fi hàn ní 1865 pé agbára iná mànàmáná lè rìn gẹ́gẹ́ bí ìgbì, àti pé ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń ríran pàápàá jẹ́ ọ̀kan nínú irú ìgbì bẹ́ẹ̀. Nígbà tí yóò fi di 1888, Heinrich Hertz ti fi ọwọ́ ṣe é ní ìlú Karlsruhe ní ilẹ̀ Jámánì, ojú sì rí i. Ìgbì yìí ń sáré ní nǹkan bí kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá ń fì ní ìgbà mílíọ̀nù 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá náà, gẹ́gẹ́ bí ti àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò FM, gígùn ìgbì kan yóò jẹ́ mítà 3. Éríà tí ó bá gùn tó ìdajì rẹ̀, tàbí ìdá mẹ́rin rẹ̀, ni yóò gbà á bí ọmọ ti ń gba ọmú. Ìdá mẹ́rin mítà 3 ni sẹ̀ntímítà 75. Bí ẹ bá sì délé, kí ẹ fa ọ̀pá irin tí ń bẹ lára rédíò yín jáde, kí ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ ó rí i pé iye tí ó ń súnmọ́ náà nìyẹn. Bí ìgbì bá ti ń yára fì sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń kúrú sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni éríà rẹ̀ ń kúrú.

Nígbà tí fóònù alágbèéká ti GSM wọ ilẹ̀ wa ní oṣù Ògún 2001, ìgbì tí ń fì ní ìgbà mílíọ̀nù 900 àti èyí tí ń fì ní mílíọ̀nù 1,800 ni ó ń bá ṣiṣẹ́. Gígùn ti àkọ́kọ́ jẹ́ sẹ̀ntímítà 33, ìdajì rẹ̀ sì lé ní 16; ìyẹn gùn ju fóònù ìgbà náà lọ, wọ́n sì ní láti ká a lọ́ wẹ́wẹ́ kí ó tó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ ka iye ohùn tí ẹ̀rọ inú àpò yín ní láti gbọ́ lónìí. 900 àti 1,800 wà níbẹ̀ síbẹ̀. 2,100 wà níbẹ̀. Wi-Fi ní 2,400 àti 5,000. Ti àwọn sátẹ́láìtì tí ń fi ọ̀nà hàn wá ní 1,575. Ti ìran karùn-ún tí Ìjọba wa fi ṣe gbàǹjo ní oṣù Ọ̀pẹ 2021 ní 3,500. Bí a bá ní kí ohùn kọ̀ọ̀kan ní éríà tirẹ̀, ibo ni a ó fi bátìrì sí? Ìṣòro yìí ni ó bí ọgbọ́n èkíní nínú mẹ́ta tí a wá sọ, èyí tí í ṣe éríà tí ó lè yí ara rẹ̀ padà.

Ọ̀nà kan tí wọ́n gbà ń ṣe é jọ fèrè. Ẹni tí ń fọn fèrè kì í gbé fèrè mẹ́fà dání. Ihò ni ó ń dí, tí ó sì ń ṣí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, a ó gé ìlà bàbà tí í ṣe éríà sí méjì, a ó fi ohun kékeré kan tí kò tó hóró ìrẹsì sí àlàfo àárín rẹ̀. PIN diode ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á pè é ní oníbodè. Bí iná díẹ̀ láti inú bátìrì bá gba ara rẹ̀ kọjá, owó ibodè ti pé. Ó ṣí ọ̀nà fún ìgbì, ìlà méjèèjì di ọ̀kan gígùn, éríà sì gbọ́ ohùn tí ó wà ní ìsàlẹ̀. Bí a bá dá iná náà dúró, oníbodè ti ilẹ̀kùn. Ìlà kúkúrú nìkan ni ó kù lẹ́nu iṣẹ́, ohùn òkè ni yóò sì máa gbọ́. Oníbodè méjì tàbí mẹ́ta lójú ọ̀nà kan náà, éríà kan ti di púpọ̀.

Ọ̀nà kejì jọ dùndún. Gúdúgúdú kò ní ọṣán tí a ń fún. Bí a ti kan awọ mọ́ ọn ni yóò ṣe máa dún títí alẹ́. Ṣùgbọ́n onílù tí ó gbé ìyáàlù kọ́ èjìká, bí ó ti ń fún ọṣán mọ́ ìhà ni ohùn ń gòkè, bí ó ti ń dẹ̀ ẹ́ ni ohùn ń sọ̀kalẹ̀, kò sì sí ibi kan láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ tí kò lè dúró sí. Irú diode mìíràn wà, varactor, tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún éríà: bí agbára bátìrì tí a fi dè é bá ti ń le sí i ni ohùn éríà ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Àwọn mìíràn sì wà tí kì í ṣe ohùn ni wọ́n ń yí bí kò ṣe ojú tí éríà kọ sí, kí agbára ìgbì lè lọ sí apá ibi tí a fẹ́. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n gba ọmọ wa sílẹ̀ lọ́wọ́ gígun òrùlé.

A mọ ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn kan nínú yín nísinsin yìí. Wọ́n ti ń mi orí, wọ́n ń sọ pé, “Ṣé ẹ rí i, àwọn baba wa ti mọ rédíò tipẹ́!” Rárá o. Ìlù kì í ṣe rédíò. Afẹ́fẹ́ ni ìlù ń mì, iná mànàmáná sì ni ti éríà. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ níwájú àlejò tí ó mọ̀wé, ẹ̀sín ni ó ń fi àwọn baba wa ṣe. Ohun tí a lè sọ láìparọ́ ni pé ọmọ ilẹ̀ tí ó bá gbọ́ dùndún láti kékeré kò ní láti dààmú púpọ̀ kí ọ̀rọ̀ varactor tó yé e. Ìyẹn tó.

Ọgbọ́n kejì ni ti títẹ̀. Láti ayébáyé ni a ti ń fi irin àti wáyà ṣe éríà. Nígbà tí ó di 1936, Paul Eisler, ọmọ ìlú Vienna tí ó lọ máa gbé ní London, bẹ̀rẹ̀ sí fi bàbà pẹlẹbẹ tẹ ojú ọ̀nà iná inú rédíò sí ara pákó, dípò kí ó máa fi wáyà so ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti inú irú iṣẹ́ yìí ni éríà pẹlẹbẹ ti jáde, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ronú kàn ní 1953, tí ó sì di ohun ìlò ní àwọn ọdún 1970. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí: wọn a lẹ bàbà mọ́ gbogbo ojú pákó, wọn a fi ohun kan bo ibi tí wọ́n fẹ́ kí bàbà kù sí, wọn a sì ri gbogbo rẹ̀ sínú ásíìdì. Ásíìdì a jẹ ibi tí a kò bò, ibi tí a bò a sì yọ jáde ní àwòrán éríà. Ẹ̀yin ìyá wa láti Abẹ́òkúta, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ mọ iṣẹ́ yìí. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni! Ẹ̀kọ láfún ni ẹ ń fi ìyẹ́ adìẹ kùn sí ara aṣọ, tàbí tí ẹ ń fi páànù tí a gé ní àwòrán tẹ̀ ẹ́ sí i; ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní dé ibẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ pé iṣẹ́ ọnà lè jẹ́ bíbo ibi kan kí a sì jẹ́ kí omi ṣe ìyókù, ó ti mọ ìdajì ohun tí ń lọ ní ilé-iṣẹ́ éríà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí ń fi bàbà ṣòfò, ásíìdì náà kì í sì í ṣe ohun tí a lè dà sí ojú àgbàrá. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ òde òní ṣe yí i padà. Wọ́n lọ fàdákà títí wóró rẹ̀ fi kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó ju 1,000 lọ yóò to sí ìbú irun orí kan. Wọ́n pò ó mọ́ omi, ó di tàdáwà. Wọ́n sì dà á sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ń tu tàdáwà sílẹ̀ ní ẹ̀kán kéékèèké, irú èyí tí ń bẹ ní ọ́fíìsì. Ibi tí a fẹ́ nìkan ni fàdákà yóò kán sí. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò yan án nínú ooru tí kò le púpọ̀, kí àwọn wóró náà lè yọ́ mọ́ ara wọn kí iná lè gbà á kọjá. Ní 2009, àwọn onímọ̀ ní Georgia Tech ní ìlú Atlanta, tí Manos Tentzeris jẹ́ olórí wọn, ti ń kọ̀wé nípa éríà tí wọ́n tẹ̀ sí ara ìwé lásán. Ní 2013, àwọn ará Tokyo pẹ̀lú àwọn ará Georgia Tech àti ti Microsoft fi hàn pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé olówó pọ́ọ́kú tí a ń rà fún ìlò ilé lè tẹ ojú ọ̀nà iná sí ara ìwé tí a fi ń tẹ fọ́tò, láìyan án nínú ooru rárá. A bẹ̀ yín kí ẹ fi èyí sí ọkàn. Ẹ̀rọ tí akọ̀wé wa fi ń tẹ ìwé ìpè ìpàdé ni a ń sọ.

Bí a bá lè tẹ̀ ẹ́ sí ara ìwé, a lè tẹ̀ ẹ́ sí ara ohun gbogbo tí ń ká: aṣọ, ọ̀rá ìgò omi tí wọ́n ń pè ní PET, àti Kapton, ọ̀rá aláwọ̀ oyin tí ó lè fara da ooru tí ó ju 300 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọgbọ́n kẹta nìyẹn, éríà tí ń ká. Ẹ lè bi wá pé kí ni ènìyàn fẹ́ fi ṣe. Àwọn oníṣègùn fẹ́ ẹ, kí wọ́n lè lẹ ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ àyà aláìsàn tí ó wà ní abúlé, kí ó sì máa ròyìn lílù ọkàn rẹ̀ fún ẹ̀rọ tí ó wà nítòsí láìsí okùn tí yóò dè é mọ́ ibùsùn. Àwọn panápaná àti àwọn ọmọ ogun fẹ́ ẹ lára ẹ̀wù. Àwọn oníṣòwò fẹ́ ẹ lára àpótí ọjà. Ìwé ìrìnnà tí ọ̀pọ̀ nínú yín fi ń lọ sí Mẹ́kà àti Jerúsálẹ́mù ní okùn éríà tí a ká sínú rẹ̀ láti 2007 tí Ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀. Ẹ ti ń gbé éríà rin ìrìn àjò láìmọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná nìyí, a ó sì fẹ́ kí ẹ fi etí sí i ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Éríà tí ń ká kì í pa ohùn rẹ̀ mọ́. A ti sọ pé gígùn àti bí a ti gé e ni ó fún un ní ohùn. Bí a bá wá ká a mọ́ apá, bí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ bá jókòó, bí ó bá dìde, ohùn náà yẹ̀. Ara ènìyàn pàápàá, tí ó kún fún omi àti iyọ̀, ń fa ohùn náà wá sí ìsàlẹ̀, ó sì ń mu nínú agbára ìgbì. Kò sí ẹni tí ó bọ́ lọ́wọ́ èyí. Ní oṣù Òkúdù 2010, ilé-iṣẹ́ Apple gbé fóònù kan jáde tí irin etí rẹ̀ jẹ́ éríà. Bí ẹni tí ó dì í mú bá fi ọwọ́ bo ojú ìsopọ̀ kan ní apá òsì ìsàlẹ̀, agbára ohùn a máa rẹ̀yìn. Ariwo ta títí ilé-iṣẹ́ náà fi fún àwọn oníbàárà ní ìbòrí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Irin líle ni ìyẹn o, ọwọ́ lásán ni ó kàn án. Mélòó mélòó ni ọ̀rá tí a wọ̀ sára láti òwúrọ̀ di alẹ́!

Nítorí náà ni àwọn ọgbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ní láti pàdé. Ohun tí kíká bá bàjẹ́, oníbodè ni yóò tún un ṣe: nígbà tí ohùn bá yẹ̀, ẹ̀rọ yóò mọ̀, yóò ṣí ibodè kan, yóò ti òmíràn, ohùn yóò sì padà sí ipò rẹ̀. Ẹ wo onílù tí ń rìn níwájú ọba: ó ń fò, ó ń bẹ̀rẹ̀, dùndún ń mì lára rẹ̀, síbẹ̀ oríkì kò ṣì, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára ọṣán. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà gbé ìwé jáde nípa irú éríà bẹ́ẹ̀, tí a fi tàdáwà tẹ̀, tí ń ká, tí ó sì ń yí láti ohùn kan sí òmíràn. Ṣáájú wọn, ní 2009, Michael Dickey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní North Carolina ti gba ọ̀nà mìíràn tí ó wù wá púpọ̀. Wọ́n da irin méjì pọ̀, gallium àti indium, tí àdàlù wọn ń ṣàn bí omi nínú yàrá láìgbé e ka iná. Wọ́n dà á sínú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ inú rọ́bà. Bí a bá fa rọ́bà náà, éríà gùn sí i, ohùn rẹ̀ sì sọ̀kalẹ̀. Bí a bá jọ̀wọ́ rẹ̀, ó padà. Kò lè kán, nítorí pé omi kì í kán.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe pọ́n iṣẹ́ náà kọjá bí ó ti mọ. Fàdákà tí a tẹ̀ kì í gbé iná lọ dáradára tó ojúlówó fàdákà tàbí bàbà, bí a bá sì ká a ní ìgbà púpọ̀, ó lè sán. Ìwé ń mu omi, òjò ilẹ̀ wa kò sì mọ éríà yàtọ̀ sí ewé. Èyí tí ó le jù ni oníbodè. Òun fúnra rẹ̀ kì í ká. Ohun líle ni lára ohun rírọ̀, ojú ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni ó sì máa ń kọ́kọ́ já. A kò lè fi òjé gbígbóná jó o mọ́ ara ọ̀rá PET, nítorí pé ọ̀rá náà yóò súnkì. Gọ́ọ̀mù tí a pò mọ́ fàdákà ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, gọ́ọ̀mù sì ni gọ́ọ̀mù. Owó ibodè náà ń jáde láti inú bátìrì, bí ó ti wù kí ó kéré mọ. Ẹni tí ó bá sì tẹ éríà kan tán, tí kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ohùn rẹ̀, àti yàrá tí a fi fóòmù bo ògiri rẹ̀ kí ìgbì má baà ta padà, kò lè mọ̀ bóyá éríà ni òun tẹ̀ tàbí àwòrán.

Gbólóhùn tí ó gbẹ̀yìn yìí ni ó mú wa dé ibi ìdí tí a ní a ó sọ. Ní ọdún tí ó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ bíbí ìlú wa, tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan, kọ lẹ́tà sí Ẹgbẹ́ wa. Ó ní òun ti fi kọ̀ǹpútà ya éríà kan tí yóò máa gbọ́ ohùn 900 àti 1,800 lórí ọ̀rá tí ń ká, pẹ̀lú oníbodè kan láàárín. Ó ti yá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó ti fi owó oúnjẹ rẹ̀ ra ìgò tàdáwà fàdákà kan, ó sì ti tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kí ọ̀kan tó dára. Ohun tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ìgò tàdáwà kejì àti owó ọkọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ ìwọ̀n. Kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. A ka lẹ́tà náà nínú ìpàdé. Ẹnì kan dìde, ó béèrè pé kí ni èyí kan àṣà ìbílẹ̀, Ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ láti gbé orúkọ ilẹ̀ wa ga ha ni ilé ìtajà wáyà? Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Alága ìgbà náà ní kí á lọ sí orí ọ̀rọ̀ tí ó kàn, èyí tí í ṣe irú aṣọ tí a ó fi ṣe àjọ̀dún, a sì fi wákàtí kan àti ààbọ̀ sọ ọ́.

Àwa tí a dúró níwájú yín yìí wà ní ìjókòó ní ọjọ́ náà. A mọ ohun tí lẹ́tà náà ń sọ ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, a sì mọ ìtàn Yagi, a sì dákẹ́, nítorí pé a kò fẹ́ kí wọ́n fi wá rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. A kò sọ pé ọmọ náà yóò di Uda. Ó lè jẹ́ pé éríà rẹ̀ kò dára. Ẹ̀rọ ìwọ̀n nìkan ni ó lè sọ fún wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní aṣọ àjọ̀dún ni àṣà, tí ọwọ́ tí ń tẹ àwòrán sí ara nǹkan kì í sì í ṣe àṣà, kí ó lọ bi àwọn ìyá wa ní Ìtòkú léèrè bóyá ẹnì kan ṣe wọ́n bí alárà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ mú páànù tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gé e.

A lọ bá ọmọ náà ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, kí á tó wá síhìn-ín. Kò tíì rí ẹ̀rọ ìwọ̀n lò. Ó yọ̀ǹda èyí tí ó dára nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún wa kí ẹ lè fi ojú rí i, òun sì ni ó wà lórí tábìlì níwájú Alága, nínú àpò ìwé funfun yẹn. Ẹ lè gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹ lè ká a mọ́ ọrùn ọwọ́ yín, kò ní ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ìka tẹ ojú dúdú kékeré tí ó wà láàárín rẹ̀, nítorí pé oníbodè nìyẹn, gọ́ọ̀mù ni ó sì dì í mú. Lẹ́tà ti èṣí wà lábẹ́ rẹ̀ nínú àpò kan náà. Akọ̀wé wa wo inú ìwé àkọsílẹ̀ fún wa ní àná, ó sì rí i pé a kò tíì fèsì rẹ̀.